Ìyá Alákẹtẹ̀ Inú Ìwé Ìròyìn

Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi dé Ajah, kò tíì sí ọ̀dà lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Iyanrìn ni. Lọ́rì tó bá ti Èkó bọ̀ á máa fi ìdí jó lójú iyanrìn náà, ẹni tó bá sì jókòó sínú rẹ̀ á ti mọ iye egungun tó wà lára òun kó tó sọ̀kalẹ̀. Mo háyà iwájú ilé kan tó kọjú sí ọ̀nà, igi àgbọn wà níbẹ̀ tó ń fún mi ní ibòji, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ.

Mo ń fi epo sí ẹ̀rọ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé, "Ẹ kú ìdúró, ọkọ mi. Ẹ ò tilẹ̀ sinmi láti àná."

Mo gbójú sókè. N kò rí ọkùnrin kankan. Ìyá arúgbó kan ló dúró síwájú igi àgbọn, ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí ìyàwó tó ń kí àna rẹ̀. Ó dé àkẹtẹ̀ òyìnbó ọkùnrin lé gèlè lórí, ó sì fi agbòòrùn tilẹ̀ bí ọ̀pá. Agbòòrùn yẹn, nínú òjò àti nínú oòrùn, n kò rí i kó ṣí i rí. Nígbà tó kí igi tán, ó yíjú sójú ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

"Ìwọ, kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn? Ṣé o ò rí i pé o dí ọ̀nà mọ́ àwọn àgbà ni? Kúrò níbẹ̀."

Dẹ́rẹ́bà kan wà lábẹ́ lọ́rì tó takú sínú iyanrìn láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó na orí jáde. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́."

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀," ni ìyá wí, ó sì fi agbòòrùn na táyà lọ́rì náà lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará mi, mo fẹ́ràn kí n máa mọ ìdí ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ìyá yìí. Tó bá dé etí ọ̀sà, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi." Tó bá gbọ́ rédíò mi, á ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, àgbà ń sọ̀rọ̀." Mo kọ́kọ́ rò pé ohun tí Ọlọ́run dá ló ń bọ̀wọ̀ fún, tó ń rí ohun tí ènìyàn ṣe fín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan wà ní èbúté tó ti jẹrà, tí adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. "Ẹ kú ìsinmi" ló ń kí ìyẹn. Èyí tuntun tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "ìwọ aláriwo yìí" ló ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́, tí Ọlọ́run dá dáadáa, kò rí "ẹ" gbà lẹ́nu rẹ̀ rí. Àlàyé mi wó lulẹ̀.

Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bi í. Ẹní ló ń hun tà. Ó gbé ẹní kọjá, mo ní kó jókòó mu omi.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi ń bọ̀wọ̀ fún igi àgbọn, tí ẹ sì ń bá lọ́rì wí bí ọmọdé?"

Ó wò mí bí ẹni tó bi í pé kí ló dé tí omi fi ń tutù.

"Igi àgbọn yìí, mo bá a nílé. Lọ́rì, ó bá mi nílé ni."

Gbogbo rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mọ àṣà wa. Ìyàwó tó bá wọlé ọkọ, gbogbo ọmọ tó bá bá nínú ilé náà, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, ìbáà ṣe ọmọ tó ṣì ń fà lọ́mú. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn títí ayé. Á fún wọn ní orúkọ ẹ̀yẹ tirẹ̀, ìyẹn ni á máa pè. Ọmọ tí wọ́n bá sì bí lójú rẹ̀, ó lè pe ìyẹn lórúkọ, kó rán an níṣẹ́, kó gbá a létí pàápàá. Ìyá yìí kàn fa àṣà náà gùn ju bí àwọn yòókù ṣe fà á lọ ni. Ó kà á mọ́ igi, ó kà á mọ́ omi. Gbogbo ohun tó ti wà ní Ajah kó tó wọlé ọkọ rẹ̀ di ọkọ rẹ̀.

Nínú àwọn ọkọ rẹ̀ tí í ṣe ènìyàn, ẹnìkan ṣoṣo ló kù láyé. Bàbá náà ni olórí ẹbí nígbà náà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Wọn kò tíì já a lẹ́nu ọmú nígbà tí ìyá wọlé, òun ni wọ́n sì gbé ọmọ náà lé lẹ́yìn. Ó ní ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun lọ́dún yẹn. Òun á pọ̀n ọ́n, òun á kọrin títí ohùn á fi gbẹ, ojú rẹ̀ á ṣì là sílẹ̀ kedere. Ló bá sọ ọ́ ní Apọ̀nmásùn. Orúkọ yẹn ló sì ń pè é títí dìgbà tí mo dé ọ̀hún.

"Ọkọ mi Apọ̀nmásùn, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ìyàwó. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Àwọn oníbàárà mi tó ti Èkó wá á wo bàbá onírùngbọ̀n funfun, wọ́n á wo ìyá tó tó bí i, wọ́n á sì bojú sẹ́yìn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó máa ń ti Èkó wá kọ nǹkan sára lọ́rì àti sára ọkọ̀ ojú omi. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń jáde ní Sátidé. Ìtàn dẹ́rẹ́bà kan ni, tí lọ́rì rẹ̀ kì í fẹ́ ṣíṣẹ́. Tó bá kọ nǹkan tán, á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi títí ọ̀dà á fi gbẹ. Ibẹ̀ ló ti rí ìyá. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó, ó ń fi ìka ya nǹkan sórí itan ara rẹ̀.

Kò pẹ́ ni mo ṣí ìwé ìròyìn, mo rí àkẹtẹ̀ ní kọ̀rọ̀ àwòrán. Àkẹtẹ̀, agbòòrùn, imú. Ìyá ni. Òun kọ́ ló ni ìtàn o, dẹ́rẹ́bà ló ni ín. Ìyá á kàn gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, á bá lọ́rì wí, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Ṣùgbọ́n òun ni àwọn ènìyàn ń dúró dè.

Nígbà tí mo fi hàn án, ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́.

"Imú mi kò tóbi báyìí."

"Ẹ̀fẹ̀ ni, Ìyá."

"Àkẹtẹ̀ ọkọ mi tó kú ló yà dáadáa." Ó fi ìka kan ibì kan. "Kí ni èyí tó wú lẹ́nu mi bí àpò ìtọ̀ màlúù?"

"Ọ̀rọ̀ yín ni. Inú ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ohun tí ẹ sọ sí."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ mi rèé? Ó kéré."

"Àyè ò gbà á ni, Ìyá."

"Sọ fún un kó yọ dẹ́rẹ́bà kúrò. Àyè á gbà."

Láti ìgbà náà, tí Sátidé bá ti dé, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. "Níbo ni mo wà lónìí?" ni á kọ́kọ́ bi mí. Màá fi hàn án, màá ka ohun tó wà nínú àpò, gbogbo bẹ́ǹṣì á rẹ́rìn-ín, òun náà á mi orí bí ẹni pé òun ló ronú rẹ̀. Ìwé ìròyìn tí a bá kà tán, òun ni mo fi ń gé àwòṣe aṣọ. Àwọn obìnrin Igbó Ẹfọ̀n tó ń ra ẹní lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin ni ìyá inú pépà?" Á ní, "Èmi ni, àfi imú."

Sátidé kan wá dé. Dẹ́rẹ́bà tó gbé ìwé ìròyìn wá ṣì dúró lẹ́yìn mi, ó ń mu omi. Ìyá jókòó. "Níbo ni mo wà?"

Mo wò ó. Mẹkáníìkì kan ló wọnú ìtàn lọ́jọ́ náà, ọmọdékùnrin, wọn kò yà á rí. Ó wà lábẹ́ lọ́rì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ìyá dúró tì í, ó sì ń pè é lórúkọ pé kó jáde, oúnjẹ ti ń tutù. Orúkọ tó pè é, orúkọ àbísọ bàbá onírùngbọ̀n funfun ni. Kì í ṣe orúkọ tí ènìyàn méjì ń jẹ́ ládùúgbò wa. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí bó ti pẹ́ tó, ọwọ́ mi ṣì ń wúwo láti kọ ọ́.

Mo gbé ìwé ìròyìn náà súnmọ́ ojú.

"Kí ló ṣe ẹ́? Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?"

"Rárá, Ìyá. Ìwé yẹn ò hàn dáadáa."

"Kà á bó ṣe hàn."

Kí n tó ronú ohun tí mo máa sọ, dẹ́rẹ́bà ti na ọrùn kọjá èjìká mi, ó kà á tán pẹ̀lú ẹ̀rín, ó pe orúkọ náà ketekete. Àwọn ìyàwó ilé méjì tó wà lórí bẹ́ǹṣì fi ọwọ́ bo ẹnu. Dẹ́rẹ́bà rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ife kalẹ̀.

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?" ni ìyá wí.

Ó tẹ ìka mọ́ àwòrán náà.

"Nínú àpò yẹn? Èyí tó jáde lẹ́nu mi?"

"Ẹ̀fẹ̀ ni, Ìyá," ni mo wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹnu ta ni?"

Ó ṣí àkẹtẹ̀ kúrò lórí, ó fi í há abíyá, ó sì dìde. Kò gba ọ̀nà ilé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ ni a gbọ́ pé ó ti wà ní Ikate lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ síbẹ̀. Ọmọ náà ránṣẹ́ pé ìyá òun ní òun kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ agbo ilé ọkọ òun mọ́, àfi tí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu òun.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ìyá yìí ló dàgbà jù nínú gbogbo ìyàwó agbo ilé náà. Òun ló ń kọ́ àwọn tuntun ní orúkọ tí wọ́n á máa pe ọkọ, èyí tó bá sì ṣi orúkọ pè, agbòòrùn yẹn ló fi ń tọ́ ọ sọ́nà. Báwo ló ṣe máa tún jókòó láàárín wọn? Ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lọ. Kò sí ìyá tó fẹ́ kí ọlọ́jọ́ bá òun nílé ọkọ ọmọ òun, kí wọ́n máa gbé òkú rẹ̀ bọ̀ wálé bí ẹrù àlejò.

Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó jókòó, ó gbé ọ̀pá sílẹ̀.

"Télọ̀, wọ́n ní ìyàwó mi pe orúkọ mi."

"Inú pépà ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wọn."

"Mi ò bínú. Mò ń béèrè ni. Báwo ló ṣe pè é?"

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ó wá là á yé mi. Ó ní àwọn tó ń pe òun lórúkọ yẹn ti kú tán, ìyá òun, bàbá òun, àwọn ẹ̀gbọ́n òun. Àwọn tó kù ń pe òun ní Bàbá. "Ìyàwó mi yìí ló pọ̀n mí. Òun ló kọ́ mi ní ìrìn. Láti kékeré ni mo ti ń rò ó, pé báwo ni orúkọ mi ṣe máa dún lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń sá pamọ́, kó lè gbàgbé kó pè é. Apọ̀nmásùn náà ló ń pè kiri oko."

Mo ka ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn fún un. Ó fi etí kan sílẹ̀.

"Ṣé ó fi ìbínú pè é ni, àbí ó fi ẹ̀rín pè é?"

"Pépà ò sọ, Bàbá."

Nígbà tí ayàwòrán dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo bi í pé níbo ló ti rí orúkọ yẹn. Ó ní ṣe bí òun lòún kọ ọ́ sára ọkọ̀ ojú omi bàbá, orúkọ náà sì dùn lójú òun. Mo ní, kí ló dé tó fi wá kì í bọ ìyá lẹ́nu?

"Ṣé ìyá wọn kọ́ ni?"

"Ìyàwó wọn ni."

"Ọ̀gá télọ̀, ìyá yẹn tó bí wọn."

"Ó tó bí wọn. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wọn ni. Ó bá wọn nílé."

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Yàrá kan ní Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, òun àti ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀. Tó bá rí ìyá arúgbó tó ń bi àgbàlagbà ọkùnrin bóyá ó ti jẹun, ìyá ọmọ nìkan ló lè rí níbẹ̀. Ó ní, "Mo ti dáràn."

Ni èmi, ayàwòrán àti bàbá bá wọ lọ́rì lọ sí Ikate lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ẹ̀yìnkùlé la ti bá ìyá, ó ń hun ẹní. Orí rẹ̀ ṣófo, gèlè nìkan ló wà níbẹ̀. Bó ṣe rí bàbá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi."

Ó dúró síbẹ̀. Kò fi Apọ̀nmásùn sí i. Mo rí i tí bàbá ń retí rẹ̀.

Ayàwòrán dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ bí wọn ni."

"Dìde. Ṣé o lè yọ ọ́?"

"Màmá, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó ti dé Ìbàdàn, ó ti dé Abẹ́òkúta."

"Àṣé mo ti pè wọ́n dé Abẹ́òkúta."

"Mo lè yà yín ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ máa bẹ̀bẹ̀."

"Kí àwọn tí kò tíì gbọ́ lè gbọ́?"

Bàbá ní òun kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìyá ní òun mọ̀ pé wọn ò ní kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹnu òun ló kà á sí i. Ọmọ rẹ̀ gbé omi wá, a mu ún. Ìyá ṣì ń hun ẹní. Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọmọkùnrin tó wà lábẹ́ lọ́rì, ọmọ ta ni?"

"Kì í ṣe ọmọ ẹnìkan, Màmá. Mo kàn dá a sílẹ̀ ni."

"Nígbà wo ló dé inú pépà?"

"Sátidé tó kọjá yẹn náà ni."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Kí Iléyá tó dé ni."

Èmi náà rántí. Lọ́sẹ̀ Iléyá, ìyá inú pépà lé àgbò kan gun orí lọ́rì. A wá rí i lójú rẹ̀ pé nǹkan kan ti ń ṣí.

"Nígbà náà, èmi kọ́ ni mo bá a nílé," ni ìyá wí. "Òun ló bá mi nílé. Ojú mi ni wọ́n ṣe bí i."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Ṣùgbọ́n orúkọ wọn náà ni, Ìyá. Orúkọ kan náà ni."

Ìyá wo bàbá. Òun ni ọkọ, òun ló lè dá ẹjọ́ náà. Bàbá pa irùngbọ̀n rẹ̀ pọ̀, kò sì kánjú.

"Ènìyàn ni ìyàwó ń bá nílé," ló sọ níkẹyìn. "Kì í bá orúkọ. Ọmọ inú pépà yẹn, ọmọ yín ni. Ẹ lè pè é, ẹ sì lè rán an níṣẹ́." Ó dúró díẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé ẹ lè pè é, ẹ kúkú pè é kí n gbọ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti Sátidé. "Ọmọ náà ò sí níbí, ọkọ mi Apọ̀nmásùn. Ta ló ń pe ọmọ tí kò sí nítòsí?"

Ó ní kí wọ́n bá òun mú àkẹtẹ̀ òun wá. Lọ́rì kan náà ló gbé wa padà sí Ajah. Ìyá jókòó síwájú, ó ń bá lọ́rì wí ní gbogbo kòtò.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bẹ́ǹṣì mi kún. Bàbá pàápàá wá, kò sì wá rí fún ìwé ìròyìn. Ìyá jókòó sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú àwòrán, ìyá nawọ́ sí mẹkáníìkì, ó pè é lórúkọ, ó ní kó lọ pọn omi wá. Ìyá fi orí agbòòrùn tọ́ka sí àpò ọ̀rọ̀ náà.

"Kà á."

Mo kà á. Bàbá kò mira. Ìyá ń wo ojú ọ̀nà.

"Kì í ṣe báyẹn," ló wí. "O já orúkọ náà lulẹ̀ bí ẹni ju igi. Fà á níparí. Ọmọ tí a ti pọ̀n là ń pè, kì í ṣe ẹni tó jẹ wá lówó."

Mo tún un kà, mo fà á.

"Rọra. Kó lọ sókè díẹ̀, bí ẹni pé kò sí nítòsí."

Mo gbìyànjú. Bàbá ti pa ojú dé.

"Ṣé báyìí ni?" ló bi í.

"Ó kù díẹ̀," ni ìyá dáhùn. "Télọ̀, tún un pè."

Mo tún un pè.